Ẹ̀tọ́ Wa Lórí Omi Odò Ògùn

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé pípọn omi odò jẹ́ ẹ̀tọ́ yín lábẹ́ òfin? Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí omi, ti ọdún 1993, sọ pé ẹnikẹ́ni lè pọn omi ìlò ilé láìsan kọ́bọ̀ nínú odò tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìyàwó ilé tí ó bá pọn omi Odò Ògùn ní Ajégúnlẹ̀ tàbí Agbóyì kò jẹ gbèsè.

Ṣùgbọ́n òfin tí ó ní kí a pọn ọ́n kò sọ pé ó mọ́. Kí odò náà tó dé Kòsọ́fẹ́, ó ti kọjá ní Kara, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ti ń ṣàn sínú rẹ̀. Òfin lòdì sí bíba omi jẹ́, ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣọ́ ọmọ bí ìyá. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ẹ má sì fi í ṣe omi mímu wọn.

Ẹ má sì da pàǹtí sí odò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, odò yìí kún, ó sì wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀ àti Mile 12. Ohun tí a bá dà sí odò, odò lè gbé e padà wá bá wa nínú yàrá.

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa fúnra wa di ọ̀tá omi.