Bọ́tìnnì 35: bí Curve 8520 ṣe wọ àpò wa

Ẹni tó bá ń wọ dáńfó l'Ékòó láàárín 2010 sí 2012 kò ní gbàgbé ìró yẹn. Kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ti kọ́ńdọ́. Ìró wẹ́wẹ́ kan ni, kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ìgbà tí adìyẹ ń ṣá àgbàdo lórí páànù, láti ọwọ́ àwọn èrò tí àtàǹpàkò wọn méjèèjì ń sáré lórí bọ́tìnnì fóònù. Lọ́jọ́ kan tí gòsílóò há wa mọ́ Maryland, obìnrin kan jókòó tì mí, ó ń bá kọ́ńdọ́ fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì rẹ̀. Ojú kọ́ńdọ́ ló ń wò, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lọ sí ẹlòmíràn. Ìgbà tó kọ ọ́ tán ló tó bojú wolẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó fi ránṣẹ́.

Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni BlackBerry Curve 8520. Nínú àwọn BlackBerry tuntun ìgbà náà, òun ni owó rẹ̀ wálẹ̀ jù, òun náà ni mo sì ń rí jù lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé, aránṣọ àti ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà yẹn, nítorí bí wọ́n ṣe dín owó rẹ̀ kù. Ọjà pọ́ọ́kú sábà máa ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ lójoojúmọ́ pé òun ò lówó: ilẹ̀kùn tí kì í pa dé, ìkòkò tí etí rẹ̀ ń jó ni lọ́wọ́. Curve yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọwọ́ kì í sábà dé ni wọ́n ti gé e.

Ìlú Waterloo ní Kánádà ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Mike Lazaridis àti Douglas Fregin ti dá ilé iṣẹ́ Research In Motion sílẹ̀ ní 1984. BlackBerry àkọ́kọ́, 850, jáde ní 1999. Kò ṣe é fi pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ tí ń gba lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, bátìrì kan ṣoṣo, irú èyí tí à ń ki sí rédíò, ló sì ń lò. Ohun tó sọ ọ́ di ohun àmúṣèlérí ni àtẹ bọ́tìnnì abẹ́ ojú rẹ̀. Lazaridis gbà pé bí bọ́tìnnì bá wà níbi tó yẹ, àtàǹpàkò méjì tó fi kọ lẹ́tà, ènìyàn kò nílò tábìlì. Èrò yẹn ni gbogbo BlackBerry tó tẹ̀ lé e jogún.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun èèlò lọ́yà, oníbáǹkì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Barack Obama di ààrẹ Amẹ́ríkà ní oṣù Kìíní 2009, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní yọ̀ǹda tòun. Ní ìparí 2008, Bold 9000 ń lọ ní 299.99 dọ́là lọ́dọ̀ AT&T, àdéhùn ọdún 2 sì tún wà nídìí rẹ̀. Bold ní 3G, ó ní GPS, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí awọ. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2009, T-Mobile gbé Curve 8520 síta ní 129.99 dọ́là lórí irú àdéhùn kan náà. Ibo ni wọ́n ti rí owó tó wálẹ̀ yẹn?

Wọ́n yọ 3G. EDGE ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ mọ. Wọ́n yọ GPS. Wọ́n yọ iná kámẹ́rà, kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ kò sì ju mẹ́gápísẹ́lì 2 lọ, kò lè tún ojú rẹ̀ ṣe láti wo ohun tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ fi ya ìwé, lẹ́tà á wú bí ẹni pé omi dà sí i. Ẹ fi ya àríyá alẹ́, aṣọ ẹbí tí wọ́n dáwó lé lórí á di òkùnkùn. Ojú fóònù jẹ́ ínṣì 2.46, rọ́bà dúdú ni wọ́n fi yí etí rẹ̀ ká dípò ohun tó ń dán.

Wọn ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì 35 yẹn.

Mo rí inú rẹ̀ ní Computer Village, n'Íkẹjà, níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Ó tú ìdè rẹ̀, ó ṣí bọ́tìnnì kúrò lódindi bí ẹni bó èèpo ẹ̀pà. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá pẹlẹbẹ kan wà tí irin róbótó-róbótó tò sí, ọ̀kan fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn yọ ikùn sókè bí ìdérí ìkòkò, wọ́n sì kéré ju ẹyọ ẹ̀wà lọ.

“Àǹtí, ẹ fi ìka tẹ ọ̀kan wò.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ikùn irin náà wọlé, ó dún kẹ́, ó padà sókè. Ó ní ìgbà tó wọlé yẹn ló kan ohun tó wà nísàlẹ̀, iná kọjá, lẹ́tà jáde. Mo bi í pé kí ló máa ń bà á jẹ́. “Omi ni, àǹtí. Mínírà, ọbẹ̀, òógùn ọwọ́. Ẹ gbé e wá kíá, màá fi sípíríìtì nù ún, á tún máa dún.” Ó gbé bọ́tìnnì náà padà, ó ní kí n fi àtàǹpàkò ra á láìwò. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, orí kọ̀ọ̀kan sì yọ díẹ̀ bí ebè. Ibẹ̀ ni mo ti rántí obìnrin inú dáńfó. Àtàǹpàkò ló ń bá a wò.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí Curve yìí ní ṣáájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà BlackBerry Pearl ní 2006, bọ́ọ̀lù kékeré kan ló ń wà láàárín ojú fóònù àti bọ́tìnnì, òun ni wọ́n ń yí láti fi rìn lórí ojú fóònù. Eruku àti ọ̀rá ọwọ́ máa ń wọ abẹ́ bọ́ọ̀lù náà, á lọ sókè, á kọ̀ láti lọ sísàlẹ̀. Lórí 8520 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ojú dúdú pẹlẹbẹ kan rọ́pò rẹ̀, iná abẹ́ rẹ̀ ló ń rí ibi tí ìka ń gbà. Kò sí ohun tó ń yí, eruku ò rí ibi wọ̀. Ní ìlú eléruku bíi tiwa, oore ńlá ni, àwọn tó sì ra fóònù tó kéré jù lówó ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ìparí ọdún yẹn ni ó tó dé orí Bold 9700.

Ẹnì kan lè ní, báwo ni fóònù tí kò ní 3G ṣe gbayì tó bẹ́ẹ̀? Fóònù yìí kì í dá rìn ni. Ẹ̀rọ ńláńlá ilé iṣẹ́ Research In Motion wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà, àwọn ló ń lọ gba lẹ́tà yín lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n á fún un pọ̀ títí yóò fi fúyẹ́, wọ́n á sì tì í sọ́dọ̀ yín láìjẹ́ pé ẹ wá a lọ. Ọ̀rọ̀ lásán kò wúwo. Ojú ọ̀nà tóóró EDGE gbà á. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó kún fún àwòrán ló máa ń fi fóònù yìí ṣẹ̀sín. Yíyọ 3G náà wà lára ohun tó jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ tí kò ju 1,150 mAh lọ lè jà fún ara rẹ̀, ó sì ṣe é yọ, ẹni tí iná ìjọba ti sú á ra èkejì sí báàgì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró ní ìṣòro tirẹ̀: bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, dátà á dúró. Ẹ óò parí ìpè tán, àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́wàá á já lé yín lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbogbo èyí ní owó tirẹ̀. Ètò íńtánẹ́ẹ̀tì BlackBerry tí wọ́n ń pè ní BIS ni à ń san fún lọ́tọ̀, nǹkan bí 3,000 náírà lóṣù, kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó máa tà á lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ àti lójúmọ́-lójúmọ́. Ọjọ́ tó bá parí, fóònù di ti ìpè lásán. Nítorí náà, owó tí wọ́n gé lára fóònù, díẹ̀díẹ̀ la ń san án padà. Àwa sì ń san án nítorí BBM, ètò tí àwọn oní-BlackBerry fi ń kọ̀wé síra wọn. Láti 2005 ni BBM ti wà, PIN oní-lẹ́tà àti nọ́ńbà 8 ni ẹ fi ń rí ara yín níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti dé, D á hàn. Bí ẹni náà bá ti kà á, R á hàn. Èmi mọ àwọn àfẹ́sọ́nà tí R tú ká, nítorí kò tún sí àwáwí pé n kò rí i. Nígbà tí fíìmù kan jáde ní Nollywood tí wọ́n pè ní BlackBerry Babes, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé.

Ibi kan ṣoṣo wà tí mo gbà pé wọ́n ti ṣi ọ̀bẹ lò. Mẹ́mórì ni. 256 MB ni wọ́n fún un, ibẹ̀ sì ni gbogbo ètò tí ẹ bá fi sí i gbọ́dọ̀ gbé. Káàdì tí ẹ rà kún un kò lè gbà wọ́n, orin àti àwòrán nìkan ló wà fún. Bí àyè bá fún, fóònù fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkọsílẹ̀ ìpè àti lẹ́tà àtijọ́ rẹ́ kó lè rí ibi mí. Aago kékeré á máa yí lójú rẹ̀, kò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń tẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ oògùn rẹ̀: ẹ ṣí ẹ̀yìn, ẹ yọ bátìrì, ẹ dá a padà, ẹ dúró dè é fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ènìyàn lè gbàgbé GPS tí kò ní rí. Lẹ́tà tí ìyá ẹni kọ kì í ṣe ohun tí fóònù ń pa rẹ́ nítorí àyè.

Nokia ti gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ṣáájú, E63, tí wọ́n kéde ní ìparí 2008. Oní-bọ́tìnnì ni òun náà, àbúrò E71 tó lówó lórí ni. Ó ní 3G tí Curve kò ní, bátìrì rẹ̀ tó 1,500 mAh, ó sì ní iná kámẹ́rà: ẹ di bọ́tìnnì àlàfo mú, iná á tàn bíi tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ti wá kọ́kọ́rọ́ lóru tí iná lọ mọ iyì rẹ̀. Bí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, E63 ló wúwo jù. Ṣùgbọ́n kò ní BBM, ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹni bá sì wà lẹsẹ̀ ń lọ.

Ní Britain náà, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló gbé BlackBerry lárugẹ. Ní 2011, àjọ Ofcom ròyìn pé òun ló wà lọ́wọ́ 37 nínú 100 ọ̀dọ́langba tó ń lo fóònù ìgbàlódé (smartphone). Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni rògbòdìyàn bẹ́ ní Tottenham, tí aṣòfin àdúgbò náà, David Lammy, ní kí wọ́n ti BBM pa fúngbà díẹ̀. Níhìn-ín, oṣù Kìíní 2012 ni tiwa, nígbà tí jálá epo bẹ́ sókè láti 65 náírà sí 141. Àtẹ̀jíṣẹ́ BBM wà lára ohun tó gbé ìròyìn ká títí Ọ̀jọ́tà l'Ékòó fi kún fọ́fọ́ fún àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn. Òmíràn nínú wọn jẹ́ òtítọ́, òmíràn jẹ́ irọ́ pátápátá, bọ́tìnnì kan náà ló kọ wọ́n.

Èmi, Yorùbá ni mo fi tèmi kọ jù. Bí ẹ bá di bọ́tìnnì E mú, tí ẹ fi ìka fà díẹ̀ lórí ojú pẹlẹbẹ yẹn, é àti è á jáde. Àwọn tó ń kọ Faransé àti Potogí ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ohùn òkè ni ohùn òkè. Àmì abẹ́ ni kò sí níbẹ̀. Mo wá lo ibi tí fóònù ti ń tún ọ̀rọ̀ kọ fúnra rẹ̀: mo ní bí mo bá tẹ “bawo”, kó sọ ọ́ di “báwo”, kí “alafia” di “àlàáfíà”. Ó gbọ́ràn. “Owo” ló bá mi jà, torí kò sí bó ṣe lè mọ̀ bóyá owó ni, ọwọ́ ni, tàbí òwò. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn pé owo ń dùn mí. Ó fi 5,000 náírà ránṣẹ́ sí mi.

Lẹ́yìn ìgbà tí BBM bọ́ sórí àwọn fóònù mìíràn ní 2013, ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ ní BlackBerry dín kù gan-an. Wọ́n ti BBM gbogboògbò pa ní 31 oṣù Karùn-ún 2019. Ní 4 oṣù Kìíní 2022, wọ́n yọ ọwọ́ kúrò lẹ́yìn àwọn fóònù àtijọ́ náà pátápátá. Fóònù ọwọ́ mi báyìí ní àtẹ Yorùbá lójú dígí rẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ wà níbẹ̀ pérépéré, n kò sì lè kọ gbólóhùn kan láìwò ó.

8520 mi wà nínú dúróò. Mo gbé e jáde nígbà tí mo fẹ́ kọ èyí. Bọ́tìnnì O àti N ti dán bí kọ́bọ̀ àtijọ́, ti A àti I náà bẹ́ẹ̀. Yorùbá kò lo C, Q, V, X àti Z, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 7, 8 àti 9 wà lára Z, X àti C, àmì tí a fi ń parí kóòdù káàdì wà lára Q, nítorí náà àwọn náà ti jẹ nínú ìyà náà. V nìkan ló ṣì rí bí ọjọ́ tí mo rà á.