Bíréèkì ìjàpá tó ń ṣagídí: Bí oníṣòwò ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe é kó tó náwó

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi mọ́tò àtijọ́ ṣiṣẹ́ ajé ló mọ ìyà tó wà nínú kí wọ́n tún bíréèkì ṣe lónìí, kó tún máa da èèyàn láàmú lọ́la. Wọ́n á ní máàsítà sílíńdà ló bàjẹ́, wọ́n á rà á. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún ní ṣúù bíréèkì ni, wọ́n á tún rà á. Owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ọjà á máa wọ inú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ mọ́tò ọ̀hún ò ní dúró bó ṣe yẹ. Ohun táwọn àgbà ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Volkswagen Beetle, tí tọmọdé tàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí ìjàpá, wà lára àwọn mọ́tò tọ́rọ̀ yìí kàn. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ l'Ékòó. Ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 2003 ni wọ́n ṣe ìjàpá tó kẹ́yìn lágbàáyé, lórílẹ̀-èdè Mexico, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ìyẹn ni pé èyí tó kéré jù nínú wọn pàápàá ti lé lógún ọdún. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń fi í gbé ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn mìíràn ń fi í polówó ọjà, àwọn mìíràn sì ń fi í kó ẹrù kéékèèké kiri. Ẹni tó bá ń fi irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ pawó gbọ́dọ̀ lè mọ ohun tó ń ṣe bíréèkì rẹ̀ kó tó gba ọjà lọ.

Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé bíréèkì ìjàpá ò ní ìdijú. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà, irin kékeré kan á ti ohun tó wà nínú máàsítà sílíńdà, ìyẹn á sì ti epo bíréèkì gba inú páìpù lọ síbi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wíìlì sílíńdà tó wà níbẹ̀ á wá ti ṣúù bíréèkì méjì jáde, àwọn yẹn á sì fún dírọ́ọ̀mù mọ́ra títí mọ́tò fi máa dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ìjàpá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1967, ọ̀nà méjì ni epo náà ń gbà, ọ̀kan fún táyà iwájú, ọ̀kan fún tẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá jò, èkejì á ṣì mú díẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ

Kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan, kó jókòó sínú mọ́tò, kó tẹ pẹ́dà, kó sì fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún un.

Bí pẹ́dà bá wọlé lọ jìnnà, ṣùgbọ́n tó gòkè nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣúù bíréèkì ti jẹ, ó ti jìnnà sí dírọ́ọ̀mù. Dírọ́ọ̀mù ìjàpá kì í ṣàtúnṣe ara rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Bí pẹ́dà bá ń rọ̀ bí ẹni ń tẹ fóòmù, afẹ́fẹ́ ti wọ inú epo bíréèkì nìyẹn.

Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí wọn ò gbé ẹsẹ̀ kúrò, tó wá ń rọra wọlé lọ, epo ń jò níbì kan, tàbí kó jẹ́ pé róbà inú máàsítà sílíńdà ti jẹ. Bí epo inú ike rẹ̀ ò bá dín kù, tí kò sì síbi tó tutù, máàsítà sílíńdà ni kí wọ́n fura sí.

Bí pẹ́dà bá le, tí mọ́tò ò sì dúró, ara ṣúù ti ń dán, tàbí kí ọ́ìlì ti kàn án. Bí mọ́tò bá sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì, ọ̀kan nínú táyà iwájú méjèèjì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ

Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó wọ́n jù. Ohun tí kò gba owó ló yẹ kó ṣáájú.

Àkọ́kọ́ ni ike epo bíréèkì, tó wà níbi ẹrù níwájú mọ́tò. Bí epo bá dín kù, ó níbi tó lọ. Kí wọ́n wo inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n wo gbogbo ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀, kí wọ́n sì wo abẹ́ máàsítà sílíńdà.

Ìkejì ni títún ṣúù ṣe. Kí wọ́n já hándì bíréèkì sílẹ̀, kí wọ́n gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí wọ́n wá fi súkúrù díráífà yí wíìlì kékeré eléyín tó wà nínú ihò. Méjì ló wà ní táyà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n yí i títí táyà ò fi ní lè yí mọ́, kí wọ́n wá dá a padà ní eyín mẹ́ta sí mẹ́rin, títí táyà á fi máa yí fàlàlà. Àwọn kan máa ń fa wáyà hándì bíréèkì le kí pẹ́dà lè gòkè. Ẹ̀tàn ni o. Ṣúù ẹ̀yìn ni wáyà náà ń fà, kò tún ohunkóhun ṣe níwájú.

Ìkẹta ni yíyọ afẹ́fẹ́. Èèyàn méjì ló ń ṣe é. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà jù sí máàsítà sílíńdà, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn lápá òsì, iwájú lápá ọ̀tún, kó wá kan iwájú lápá òsì. Wọ́n á fi róbà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu ibi tí epo ń gbà jáde, wọ́n á sì ri orí kejì bọ inú ìgò tí epo bíréèkì wà. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, èkejì á tú ẹnu ibẹ̀, á sì dé e padà kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí pẹ́dà. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ títí afẹ́fẹ́ ò fi ní hó jáde mọ́. Epo inú ike ò gbọ́dọ̀ tán lákòókò yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo iṣẹ́ náà á di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń mú tí kì í fẹ́ tú sílẹ̀

Èyí ló ń ya èèyàn ní wèrè jù. Awakọ̀ á gbé ẹsẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n bíréèkì á ṣì di táyà mú. Dírọ́ọ̀mù á gbóná, mọ́tò á máa wúwo, epo pẹtiróòlù á sì máa lọ lásán.

Bí wọ́n ṣe ń mú olè ibẹ̀ rèé. Kí wọ́n gbé táyà tó há kúrò nílẹ̀ nígbà tó ṣì há, kí wọ́n tú páìpù rẹ̀ díẹ̀ lára máàsítà sílíńdà. Bí táyà bá tú sílẹ̀, ọ̀dọ̀ máàsítà sílíńdà ni ìṣòro wà: bóyá ihò wínníwínní tí epo ń gbà padà ti dí, tàbí kó jẹ́ pé irin tó ń tì í ò ní àyè. Ó yẹ kí irin náà ní àyè tó tó mìlímítà kan kó tó kàn án. Bí kò bá tú sílẹ̀, kí wọ́n tú ẹnu ibi tí wọ́n ti ń yọ afẹ́fẹ́ lára táyà náà. Bó bá tú síbẹ̀, róbà họ́ọ̀sì tó wọ inú táyà ti wú nínú. Òde rẹ̀ lè máa dán bíi tuntun, ṣùgbọ́n epo tó bá ti wọlé ò ní lè padà. Bí kò bá wá tú sílẹ̀ rárá, irin ló há: wáyà hándì bíréèkì, sípíríìnì, tàbí wíìlì sílíńdà tó ti dípẹtà.

Ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò yìí lè rí i pé họ́ọ̀sì kan ṣoṣo lòun nílò. Ẹni tí kò bá ṣe é lè ra máàsítà sílíńdà tuntun, kí táyà ọ̀hún sì máa há lọ. Lẹ́yìn àyẹ̀wò náà, dandan ni kí wọ́n tún yọ afẹ́fẹ́.

Ohun tó ń mú ìṣòro padà wá

Epo bíréèkì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Epo DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ lè gbóná dé 205 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó hó. Tó bá ti fa omi, ó lè hó ní 140. Omi yìí kan náà ló ń mú inú sílíńdà dípẹtà. Ìdí nìyí tó fi dára kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì, kí wọ́n má sì lo èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ tipẹ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, dísù tàbí kẹrosín ò gbọ́dọ̀ kan inú rẹ̀, torí wọ́n máa ń mú róbà wú.

Bí ọ́ìlì bá kan ṣúù ẹ̀yìn, kí wọ́n wo róbà tó ń dí ọ́ìlì jíà lójú ààsì kí wọ́n tó ra ṣúù tuntun, torí tuntun náà á bàjẹ́ bákan náà. Méjì-méjì ni wọ́n sì ń pààrọ̀ ṣúù, tọ̀tún tòsì, kí mọ́tò má baà máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀mí ló ṣáájú owó

Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Kí wọ́n fi igi tó nípọn tàbí irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi òkúta dá àwọn táyà tó kù dúró. Eruku inú dírọ́ọ̀mù àtijọ́ lè ní asbestos, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí wọ́n má fẹnu fẹ́ ẹ, omi ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́.

Ó tún níbi tí iṣẹ́ ilé mọ. Nọ́ọ̀tì tó di dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn mú gba sípánà 36 àti agbára gidi. Ẹni tí kò bá ní irinṣẹ́ ẹ̀ tàbí tí pẹ́dà ò bá le gírígírí lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, kó pe mẹkáníìkì tó mọ ìjàpá wá sílé, kó má wà á lọ bá a. Bó bá sì ti mọ ibi tí àìsàn wà, owó ibẹ̀ nìkan ló máa san. Kó ní ìwé kékeré tó ń kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ sí, bó ṣe ń kọ owó ọjà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.