Ìròyìn Ìṣègùn Tí Tẹlifóònù Ń Gbé Kiri

Láyé òde òní, kí ènìyàn tó bọ́jú ní òwúrọ̀, tẹlifóònù ti kọ́ ọ ní oògùn mẹ́ta. Ọ̀kan yóò ní kí á fi ewé kan ṣe àgbo, kí àtọ̀gbẹ sì di ohun ìgbàgbé. Èkejì yóò ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní òkè-òkun ti rí i pé kọfí ń mú ẹ̀mí gùn. Ẹ̀kẹta, tí ó sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ ẹni kan náà wá, yóò ní kọfí ń pa ènìyàn. Àwa tí a ń gbé ní Ọ̀yọ́, tí a sì ní ìbátan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí èyí tí kò tíì kàn wá nínú wọn. Bí a bá kó gbogbo ìmọ̀ràn ìlera tí a ti rí gbà lórí WhatsApp jọ, ó yẹ kí a ti di dókítà nígbà méjì.

Kì í ṣe pé a fẹ́ gan ẹ̀rọ náà. Kí ó tó di ọdún 2001 tí tẹlifóònù alágbèéká GSM dé ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá fẹ́ ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ a máa wá awakọ̀ tí ó mọ̀ ní ibùdókọ̀, a fún un ní lẹ́tà, a sì gbàdúrà pé kí ó má gbàgbé rẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò. Ìròyìn irọ́ wà nígbà náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òun náà ní láti san owó ọkọ̀.

Ọdún mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ náà lò láàrin wa kí a tó fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Ní oṣù Keje ọdún 2004, ọ̀rọ̀ kan là káàkiri Nàìjíríà pé àwọn nọ́ńbà kan wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbé ìpè wọn yóò ṣubú lulẹ̀, yóò sì kú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù jáde, wọ́n ní kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ní tiwa, a ṣàkíyèsí pé àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó ní kí a sá fún tẹlifóònù, inú tẹlifóònù kan náà ni ó gbà wọlé. Àwọn onígbèsè ni ó jàǹfààní ọ̀rọ̀ náà jù lọ, nítorí kò sí olówó tí ó lè bá wọn wí ní ọ̀sẹ̀ náà pé wọn kò gbé ìpè òun.

Èyí jẹ́ ohun ẹ̀rín. Èyí tí ó dé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kì í ṣe ohun ẹ̀rín rárá.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer, ọmọ ilẹ̀ Làìbéríà, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Dókítà Ameyo Adadevoh tí ó tọ́jú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó kúrò ní ilé-ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ ọn pé kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Sawyer kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Àrùn náà pa dókítà pẹ̀lú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ń gbọ̀n. Àwọn ọ̀rẹ́ kò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́. Àwọn tí kò jẹ ẹran ìgbẹ́ láti ọdún tó kọjá búra pé àwọn kò ní jẹ ẹ́ mọ́ láé.

Nínú ìbẹ̀rù yìí ni òru ọjọ́ 7 mọ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ bá wa. Agogo méjì ti kọjá díẹ̀ nígbà tí tẹlifóònù wa dún. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ni, tí ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyá yìí kì í fi ìkíni ṣeré. Ọmọdé tí ó bá kí i láìkúnlẹ̀ dáadáa yóò tún un kí. Ṣùgbọ́n ní òru náà, kò dúró kí a kí òun tán.

“Àkànní, ṣé o ti wẹ̀?”

“Wẹ̀ kẹ̀, mà? Òru ni.”

“Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ní. Omi gbígbóná àti iyọ̀. Fi wẹ gbogbo ara, kí o sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Jí ìyàwó rẹ, jí àwọn ọmọ. Mo ti pe àwọn ti Ìlọrin.”

“Ta ni ó ní bẹ́ẹ̀, mà?”

“Gbogbo ènìyàn.”

Kí a tó lanu pé kí ó má mu ún, owó orí ẹ̀rọ rẹ̀ ti tán. Ìdí tí àyà wa fi já ni pé ìyá náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti di ọdún kẹrin tí dókítà ti fi òfin de iyọ̀ nínú ọbẹ̀ rẹ̀. A pè é padà, kò wọlé. A tún pè, kò wọlé. Gbogbo ìlú ni ó ń jí ara wọn. Ọ̀nà tẹlifóònù kún bí ọ̀nà ọjà ní ọjọ́ tí ọdún kù sí ọ̀la. Níbi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà, ìyá àwọn ọmọ wa ti gbé omi kaná. Àbúrò tirẹ̀ ni ó pe òun. A ní irọ́ ni. Ó ní bóyá irọ́ ni. Bí kò bá ṣe rere, kí ni yóò bàjẹ́? A jọ fẹnu kò pé kí àwọn ọmọ wẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi kan ẹnu. Wọ́n wẹ̀, ara yún wọn, wọ́n sì padà lọ sùn. Omi lásán ni àwa fi wẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

Ó tó wákàtí kan kí a tó rí ọmọ aládùúgbò Ìyá Àgbà bá sọ̀rọ̀, tí ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ fún un. Ìyá ti bu iyọ̀ náà sínú kọ́ọ̀bù, ó ti tọ́ ọ wò. Ó ní ó ti pọ̀ jù, òun ń dúró de omi tí òun yóò fi là á ni. A ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má mu ún. Dókítà yín kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀.” Ó ní dókítà yẹn kò fẹ́ràn iyọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. A ti sọ gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tán, kò sì wọ̀ ọ́ létí. Ohun tí ó gbà nígbẹ̀yìn ni pé kí ó dúró dè wá, pé a ó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́, kí a jọ sọ ọ́ lójúkojú.

A wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí a kọjá ní ọjà Àkẹ̀sán, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, àwọn oníyọ̀ kò sì ní àyè àtikí ènìyàn. Nínú ọkọ̀, ẹni mẹ́ta ni òórùn ọṣẹ ń bọ̀ lára wọn, wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ìran náà: ọ̀kan ní ọba kan ni, èkejì ní wòlíì ni, ẹ̀kẹta ní ohunkóhun tí ó bá jẹ́, òun ti wẹ̀ tán. Nígbà tí a fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, rédíò ti ń sọ pé ìjọba ní kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ iyọ̀. Kọ́ọ̀bù náà wà lórí tábìlì, ó fi àwo bò ó. Ó bi wá bóyá kí a dà á nù tàbí kí òun fi se ẹ̀wà fún wa.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mu iyọ̀ kò ní ogún ọdún tí yóò fi dúró. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nípa mímu omi iyọ̀. Ebola kò fọwọ́ kan wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé àìlajú ni. Àwa kò gbà. Láti ọdún 1907 ni Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìṣègùn rẹ̀. Ilé-ìwòsàn tí ó ti ibẹ̀ dìde ni ó di ti Yunifásítì Bowen ní ọdún 2009. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá pè wà ní ìlú náà láti ọdún 1990. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ àti ilé-ìwòsàn nìkan ni a fi ń lé irọ́, irọ́ kì bá tí rí ibi wọ̀ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ta ni ó pè wá ní òru náà? Ẹni tí ó pọ̀n wá ni. Kò sí ẹni tí mínísítà ìlera pọ̀n nínú ilé wa. Ìfẹ́ ni ó gbé ìròyìn iyọ̀ kiri, òun ni ó fi yára tó bẹ́ẹ̀, òun náà ni ó fi ṣòro láti kọ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún ìyá àgbà pé irọ́ ni ó ń pa, ó ti jìyà ọ̀rọ̀ náà ṣáájú àrùn.

Ẹ wá wo ohun tí ó lé Ebola lọ ní ti òdodo. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tí ó ti súnmọ́ aláìsàn rí, ènìyàn 894. Wọ́n ń tọ̀ wọ́n lọ ní ilé wọn, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná sí fún ọjọ́ 21. Àpapọ̀ ìbẹ̀wò náà tó bí 18,500. Ẹni 20 ni àrùn náà mú, ẹni mẹ́jọ ni ó kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014 ni a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe rí ẹ̀yìn ìgbóná, àrùn tí àwọn bàbá wa kì í fẹ́ dá orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán. Ní ìparí ọdún 1966, ní agbègbè Ògójà, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tó fún gbogbo ènìyàn. Dókítà William Foege, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá abúlé tí àrùn náà wà, wọ́n sì ń gún kìkì àwọn tí ó yí aláìsàn ká ní abẹ́rẹ́. Ọdún 1970 ni a rí aláìsàn ìgbóná kẹyìn ní ilẹ̀ wa.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, a rò pé a ti gbọ́n. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde pé àrùn náà wà lára òun. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ara rẹ̀ fi yá, ó sì sọ ní gbangba pé òun lo kárọ́ọ̀tì, fítámì C, àti òróró èso dúdú tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní habatu-sauda, tí a pò mọ́ oyin. Ẹ kò nílò kí a sọ ohun tí tẹlifóònù fi èyí ṣe. A kò bá gómìnà jiyàn, ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí àrùn náà mú ni ó yè, ẹni tí ó lá oyin àti ẹni tí kò lá a. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí oyin ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ara fúnra rẹ̀ ṣe?

Àwọn kan mọ bí a ti ń bi í. Ní Nanoro, ní ilẹ̀ Burkina Faso, àwọn onímọ̀ mú ọmọ 450 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin oṣù márùn-ún sí oṣù mẹ́tàdínlógún, láti dán abẹ́rẹ́ ibà kan tí a ń pè ní R21 wò. Wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ náà ní oríṣi méjì, èyí tí èròjà amúnilágbára rẹ̀ kéré àti èyí tí ó pọ̀. Àwọn yòókù gba abẹ́rẹ́ mìíràn, ti àrùn ajá dìgbòlugi, kí gbogbo ọmọ lè sunkún bákan náà, kí àwọn òbí má sì mọ èwo ni tiwọn. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró, wọ́n ń kà. Nígbà tí ọdún kan pé, wọ́n rí i pé láàrin àwọn tí ó gba èyí tí èròjà rẹ̀ pọ̀, ibà ti dín kù ní ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti àwọn ọmọ abẹ́rẹ́ ajá. Ọdún 2021 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tí ó lá ìran kankan nínú rẹ̀, kíkà ni.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, àjọ NAFDAC fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa ná. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ kan yóò gbà á kí ó tó pé, nítorí náà ìyá ní láti padà wá, kí ó sì tún padà wá. Nínú gbogbo ẹni tí ibà ń pa ní ayé, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tí ó jẹ́ ará Nàìjíríà, àwọn ọmọ kéékèèké sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. A ka ìròyìn abẹ́rẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn, ní ojú ewé tí àwọn ènìyàn fi ń di ẹ̀pà. A fi í ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Títí di òní, kò sí ìbátan wa kan tí ó tíì jí wa lóru nítorí rẹ̀.