Fàyàwọ́ ni kòkòrò ikọ́, ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wà nínú ara wa: Ohun tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ń ṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ n'Ilobi, tí eruku bo ojú ọ̀nà, kò sí ilé téèyàn máa kọjá tí kò ní í gbọ́ ikọ́. Ọmọdé ń wúkọ́, àgbà ń sín, ọlọ́kadà ń fapá ṣẹ́ẹ̀tì nu imú. Níbi tí wọ́n ti ń dúró de mọ́tò tó ń lọ sí Òwódé tàbí Ìlaròó, ẹnì kan á ṣáà dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: "Ṣebí ẹ gba abẹ́rẹ́ kòrónà nígbà yẹn, kí ló wá dé tí ẹ tún ń wúkọ́?" Ẹni tí wọ́n bi á rẹ́rìn-ín, kò ní í rí èsì fọ̀. Ibẹ̀ ni ẹlòmíì á ti gbà á lẹ́nu ẹ̀, pé òun ò tiẹ̀ jẹ́ gbé ọmọ òun lọ fún abẹ́rẹ́ kankan mọ́, torí ọjọ́ tí wọ́n gún un kẹ́yìn, ara ọmọ náà gbóná mọ́jú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàwàdà nídìí mọ́tò yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ìyá tó bá tìtorí ibà ọjọ́ kan ju káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohun tó ń fi ṣeré kò kéré. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè méjèèjì ló lésì: kí ló dé tẹ́ni tó gbabẹ́rẹ́ tún ń wúkọ́, àti kí ló dé tí abẹ́rẹ́ fi máa ń mú ara gbóná?

Àwọn ará Yewa kò nílò kẹ́nikẹ́ni ṣàlàyé ẹnubodè fún wọn. Láti Ìdí-Ìrókò wá sí Òwódé, wọ́n mọ ibi táwọn kọ́sítọ́ọ̀mù máa ń gbé igi dí ọ̀nà sí, wọ́n mọ àwọn ìmígíréṣọ̀n, wọ́n sì mọ̀ pé báwọn yẹn ṣe ń dúró lójú títì ni fàyàwọ́ ń gba inú igbó kọjá. Bí ara èèyàn ṣe rí gan-an nìyẹn. Imú àti ọ̀fun ni ẹnubodè. Kòkòrò àìsàn tí ojú kò lè rí ni fàyàwọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wà níbẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́ta ni wọ́n.

Ọ̀wọ́ kìíní ni irun imú àti ikun tó ń yọ̀ nínú imú. Eruku tàbí kòkòrò tó bá fẹ́ kọjá, inú ikun náà ló máa lẹ̀ mọ́. Nísàlẹ̀, nínú ọ̀nà tí èémí ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, irun kéékèèké mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, iṣẹ́ wọn ni láti máa gbá ikun yẹn bọ̀ wá sókè bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀, kéèyàn lè wú u jáde tàbí kó gbé e mì. Sìgá àti èéfín igi ìdáná máa ń ba irun wọ̀nyí jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ikọ́ kì í fi í tètè kúrò lára ẹni tó bá ń mu sìgá.

Fàyàwọ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn yẹn á wá yọ́ wọ inú ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí Ọlọ́run fi kọ́ ara. Tó bá ti wọlé, á sọ yàrá náà di ilé iṣẹ́ tara ẹ̀, á máa ṣe ẹ̀dà ara ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n yàrá náà kò ní í dákẹ́. Á fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní interferon ké sí àwọn ará àdúgbò pé olè ti dé o, ẹ tilẹ̀kùn yín. Ariwo yìí ló máa ń gbé ọ̀wọ́ kejì dìde, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn yìí kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àjèjì tí wọ́n bá ti rí, wọ́n á gbé e mì tàbí kí wọ́n tú oró lé e lórí. Bí wọ́n ṣe ń jà, wọ́n ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kó mú ara gbóná, nítorí ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í fẹ́ ooru. Imú á wú, ara á máa ro èèyàn, oúnjẹ kò ní í wù ú jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tá à ń pè ní àìsàn yẹn, ìjà táwọn ṣọ́jà wa ń jà ni.

Ọ̀wọ́ kẹta ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Nígbà tí ìjà ṣì ń lọ lọ́wọ́, amí kan á gé díẹ̀ lára òkú kòkòrò náà, á gbé e lọ sí àgọ́. Àgọ́ yìí wà lọ́rùn, ó wà lábẹ́ àgbọ̀n, ó wà ní abíyá, òun ni kókó tó máa ń wú téèyàn bá ń ṣàìsàn. Ẹgbàágbèje ṣọ́jà ló wà níbẹ̀, ojú kan ṣoṣo sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dá mọ̀. Amí á máa gbé ohun tó mú wá káàkiri, títí á fi kan ẹni tó mọ ojú ọ̀daràn yẹn. Lójú ẹsẹ̀ nìyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí wọ́n á fi di ẹgbẹ́ ọmọ ogun.

Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan ń rọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní antibody. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ yìí máa ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà lára kí ó má baà lè wọ inú yàrá kankan mọ́. Àwọn kejì, tí wọ́n ń pè ní T cell, ń lọ láti ilé dé ilé, yàrá tí kòkòrò bá ti gbà, wọ́n á pa òun àti kòkòrò inú ẹ̀ pọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé, bí kòkòrò náà bá jẹ́ àjèjì pátápátá, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun yìí tó gbára dì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ jòjòló tàbí arúgbó kò kéré rárá. Ẹni tó bá là á já ló jèrè, nítorí lẹ́yìn ogun, díẹ̀ nínú àwọn ṣọ́jà náà kì í lọ sílé. Wọ́n á wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á máa rántí ojú ọ̀tá.

Ibi tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wọ ọ̀rọ̀ wá nìyí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣe oògùn ikọ́. Fọ́tò ọ̀daràn ni, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní gbogbo àgọ́ kí ọ̀daràn fúnra ẹ̀ tó dé. Nínú àwọn kan, òkú kòkòrò ni wọ́n lò, nínú àwọn mìíràn, èyí tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni, òmíràn sì wà tó jẹ́ ẹyọ kan péré lára aṣọ ẹ̀ ni wọ́n mú. Ara kò mọ̀ pé fọ́tò ni. Á gbé ogun dìde, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ara á gbóná, apá á wú. Nítorí náà, ìyá tó ń sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe pé ẹ kó àìsàn sọ́mọ mi lára?" kó fọkàn balẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ọmọ ẹ̀ ló ń kọ́ṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ìdí tí wọ́n sì fi ń gún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni pé bí wọ́n bá tún fọ́tò náà fi han àwọn ṣọ́jà, ìrántí wọn á túbọ̀ jinlẹ̀. Òótọ́ ni pé, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan gan-an, ara ẹlòmíì lè kọ abẹ́rẹ́ lọ́nà tó le. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kéèyàn jókòó díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kó tó máa lọ sílé.

Kí ló wá dé tẹ́ni tó gbabẹ́rẹ́ tún ń wúkọ́? Èkíní, kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn nìkan lé ní igba oríṣi, abẹ́rẹ́ kòrónà kò sì kan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èkejì, inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí abẹ́rẹ́ apá ń mú wá máa ń pọ̀ sí jù, kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú imú, ó sì máa ń dín kù lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kòkòrò lè tipa bẹ́ẹ̀ dé inú imú, àmọ́ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, àwọn tó ń rántí ojú ẹ̀ á ti dìde. Ohun tí ì bá gbé èèyàn dé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù á wá di ikọ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta, ó yẹ kí ọmọ Ilobi tètè yé e ju ẹlòmíì lọ. Ilobi wà lára àwọn ìlú tí ìtàn máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé oníjó kan náà lè gbé igi kan lórí lónìí, kó gbé òmíràn lọ́la. Ohun tí kòkòrò kòrónà àti ti ọ̀fìnkìn líle tí wọ́n ń pè ní fúlú ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ń pààrọ̀ igi orí. Omicron tó jáde lọ́dún 2021, igi tuntun ló gbé dé, ọ̀pọ̀ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n rọ fún igi àtijọ́ kò sì wọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn T cell kì í wo igi orí nìkan, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ijó. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, òun ló sì fà á tí abẹ́rẹ́ fi ṣì ń gbani lọ́wọ́ àìsàn líle.

Èéyi kò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀, ìyẹn àìsàn tó máa ń sú sọ́mọ lára, tó ń mú ojú ẹ̀ pọ́n. Afẹ́fẹ́ lòun náà ń bá rìn, ṣùgbọ́n igi tó ń gbé sórí látọjọ́ tó ti pẹ́ ló ṣì ń gbé. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ méjèèjì fi lè dáàbò bo ọmọ títí dọjọ́ alẹ́. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń gún àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n tí wọn kò fi gún un lọ́jọ́ ìkómọ: ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí ìyá fún ọmọ látinú oyún ṣì wà lára ọmọ, ó sì lè fa fọ́tò náà ya káwọn ṣọ́jà ọmọ tó rí i. Oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń gún èkejì. Ẹni tó bá fi èéyi ṣeré, ẹ sọ fún un pé ìwà ìkà ẹ̀ ju sísú lọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019, lórí àwọn ọmọ tí kò gbabẹ́rẹ́ nílẹ̀ Netherlands, fi hàn pé èéyi pa láti 11 dé 73 nínú ọgọ́rùn-ún ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí àwọn ọmọ náà ti ní fún àwọn àìsàn mìíràn rẹ́. Ohun tí ara ti kọ́ láti ọdún yìí wá, èéyi á fi ọwọ́ nù ún kúrò bí ẹni nu pátákó ìkọ̀wé.

Àwọn tó bá ní ẹnubodè títì ti tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí ọdún 2020. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 nìjọba àpapọ̀ ti ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa mọ́ ọjà, ìyà rẹ̀ sì jẹ àwọn ará Yewa kọjá sísọ. Nígbà tí wọ́n máa ṣí mẹ́rin àkọ́kọ́ padà lóṣù kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ibo ni kòrónà gbà wọlé? Bàálù ló wọ̀ wá s'Ékòó. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan ló gbé e dé, láti Èkó ló sì ti lọ síbi iṣẹ́ símẹ́ńtì l'Ewékorò, nípìnlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí ẹ̀ múlẹ̀, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára ẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ ní Yábàá, ara ẹ̀ sì yá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ikọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ní Yunifásítì Redeemer's l'Ẹdẹ ti ka àkọsílẹ̀ inú kòkòrò náà látòkèdélẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ya fọ́tò ọ̀daràn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 2, oṣù kẹta, ọdún 2021, abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ ti balẹ̀ sí Àbújá.

Ẹ fi wé ọdún 1918, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé fúlú dé Èkó, tí rélùwéè sì gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ. Lúkúlùkú làwọn baba wa ń pè é. Kò sí fọ́tò, kò sí abẹ́rẹ́. Àwọn òpìtàn ṣírò ẹ̀ pé ó pa tó ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀.

Lọ́dún 2021, ìròyìn kan gba ìgboro pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ kòrónà kò ní í lò ju ọdún méjì lọ láyé. Ọdún méjì náà ti pé, ó ti kọjá, àwọn tó gbà á ṣì ń ná ọjà Òwódé.

Ní ti ìwòsàn, kí ẹ̀yin òbí fi mẹ́ta yìí sọ́kàn. Ampiclox táwọn èèyàn ń rà ní ẹyọ méjì-méjì ní kẹ́mísìtì kò lè pa kòkòrò ọ̀fìnkìn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pa ti kòrónà. Abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá, tó ń gbógun ti ikọ́ líle, diphtheria àti òtútù àyà, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ṣùgbọ́n tó ti lé lóṣù méjì, tí èémí ẹ̀ bá ń tó 50 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí àyà ẹ̀ ń wọnú nígbà tó bá ń mí, tàbí tí kò lè mu ọyàn, ẹ má dúró de àgbo o, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìyá tó bá sì ti ju káàdì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó wá a jáde. Bí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá tilẹ̀ ti kọjá, wọn kì í lé èèyàn padà, ibi tó bá dé ni wọ́n á ti bá a tẹ̀ síwájú. Ibà ọjọ́ kan ni yóò ná ọmọ náà. Fàyàwọ́ tó ń bọ̀, òun kì í gba owó ẹ̀yìn, kì í sì í béèrè ọjọ́ orí kó tó wọlé.