Rédíò Onífáàfù: Ohun tí Ó Yẹ kí Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ ń Tún Un Ṣe Mọ̀

Rédíò kan wà ní ilé bàbá mi ní Igbógìlà. Kò sí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì nínú ilé náà nígbà tí ó rà á. Bátìrì gbígbẹ ni rédíò náà ń lò. Apá kan bátìrì ń fún un ní fóòtì 90, apá kejì ní fóòtì kan àti ààbọ̀ péré. Irú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Ever Ready ṣe ní 1949 fún àwọn ará Northern Rhodesia, tí í ṣe Zambia òde òní. “Saucepan Special” ni wọ́n ń pè é, nítorí pé àpótí rẹ̀ jọ ìkòkò ọbẹ̀.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá gbé rédíò àtijọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: bátìrì ni èyí ń lò ni, tàbí iná ilé? Bí a bá so rédíò oníbátìrì mọ́ iná ilé, tí agbára rẹ̀ tó fóòtì 230, àwọn fáàfù rẹ̀ yóò jó lójú ẹsẹ̀. Èmi gan-an ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 16. Bàbá mi kò bá mi wí. Ó kàn gbé e padà sí àjà ni.

Ewu tí ó wà nínú rédíò tí ń lo iná ilé tún ju èyí lọ. Fáàfù jẹ́ ìgò kékeré tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Wáyà tín-ín-rín tí ó wà láàrin rẹ̀ a máa gbóná, ooru náà a sì máa lé ẹ̀lẹ́tíróònù jáde. Agbára tí ó sábà máa ń tó fóòtì 250 ni ó ń fà wọ́n lọ sí ìhà kejì. Èyí tó láti pa ènìyàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì fura sí ni pé yíyọ wáyà kúrò lára ògiri kò tí ì parí ọ̀rọ̀. Kapásítọ̀ a máa tọ́jú iná pamọ́, bí ìkòkò ti í tọ́jú omi lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Kí a yọ wáyà, kí a fi résísítọ̀ tí a ti fi rọ́bà bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tú iná náà dà nù, kí a sì fi mítà wò ó pé ó ti di òdo, kí a tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Mo ti rí àwọn tí ń fi sikudiráfà gbá a pọ̀ kí ó lè ta pàrà. N kò ka ìyẹn sí ọgbọ́n. Òmíràn kò ní tiransífọ́mà rárá, férémù irin rẹ̀ sì so mọ́ iná ilé tààrà. Ti àgbà oníṣẹ́ nìyẹn.

Rọ́bà ara wáyà a máa rún bí ó bá gbó, eku a sì máa jẹ ẹ́. Kapásítọ̀ oníbébà a máa jò. Kí a pààrọ̀ ìwọ̀nyí kí a tó fún un níná. Nígbà tí ó bá yá, kí iná kọ́kọ́ gba inú gílóòbù àtijọ́ oní-wáàtì 60 kọjá kí ó tó dé inú rédíò. Bí gílóòbù bá tàn, tí ó sì rọlẹ̀ di bàìbàì, ó dára. Bí ó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo tí kò sì rọlẹ̀, ẹ tètè pa á: iná ti gba ẹ̀bùrú níbì kan. Àmọ́ rédíò ni gílóòbù yìí ń dáàbò bò o, kì í ṣe ènìyàn.

Rédíò bàbá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ti bátìrì kò ni mí lára: bátìrì fóòtì 9 mẹ́wàá tí a so tẹ̀ léra wọn di 90. Fáàfù mẹ́rin ni mo ń wá kiri.