Ọba Tó Kú Láàárín Ẹ̀ṣọ́ Rẹ̀

Àwọn tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n nílẹ̀ wa mọ̀ dájú pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀ta ń na òpè. Ọjọ́ kan ń bẹ tí òpè yóò sọ ọwọ́ sí ilé kan ṣoṣo, tí ọmọ ayò inú rẹ̀ yóò pọ̀ tó láti yí ọpọ́n ká, tí yóò sì jẹ ilé mẹ́ta léraléra lọ́wọ́ ẹni tó ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀. Síbẹ̀, nínú ayò, kíkà ni a ń kà á: ẹni tó bá kó jù nínú ọmọ ayò 48 ló ni ìjọba. Ṣẹ́ẹ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Eré yìí, tí Túndé Ọnàkọ̀yà kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìkòròdú, tí ó sì ti ń kó tọ àwọn ọmọ Mákòókó àti Òṣòdì lọ, kò bìkítà fún ọrọ̀ ẹnikẹ́ni. O lè kó gbogbo ìkógun ọ̀tá rẹ tán. Bí ọba rẹ bá kú, òfo ni.

Ojú ilé 64 ló wà lórí pátákó rẹ̀. Oníkálukú ní ẹ̀yà 16: ọba, ayaba, rúùkù méjì tí wọ́n ń ṣọ́ igun, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, àti ọmọ ogun mẹ́jọ. Ayaba ló lágbára jù nínú wọn, ẹṣin nìkan ló sì lè fo orí ẹlòmíràn kọjá.

Ní Gbàgádà, lábẹ́ igi kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀ tó lọ sí Òwòròńṣókí, mo bá bàbá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan nídìí eré yìí lọ́sàn-án Sátidé, àwọn òǹwòran sì ti yí wọn ká bí ẹni pé ìjà ni wọ́n ń là. Ìyà ti jẹ bàbá débi tí kò ní rúùkù kan mọ́. Ayaba rẹ̀ àti ẹṣin kan ṣoṣo ló kù tó nílàárí.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un tò,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ẹ̀rín wà lábẹ́ rẹ̀.

“Ọba mi ò tíì kú, ọmọ mi. Máa ta.”

Ọmọ náà bá gbé rúùkù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọba rẹ̀, ó fi kún àwọn tó ń lọ pa ọba bàbá. Ọ̀kánjúwà kọ́, ìkánjú ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kì í pẹ́ pàdé lọ́nà. Ẹṣin bàbá fò sí ẹnu ọ̀nà tó ṣófo náà, ó ní ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ni pé ó dojú kọ ọba. Ọba yẹ̀ kúrò ní kọ̀rọ̀. Ẹṣin tún ṣí, bí ó sì ti ṣí ni ọ̀nà là fún ayaba tó lúgọ sẹ́yìn rẹ̀ lókèèrè, tí ṣẹ́ẹ̀kì méjì fi dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọba bá sá síta, ayaba yóò pa á lójú ẹsẹ̀. Ó padà sí kọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni bàbá gbé ayaba tìkára rẹ̀, ó gbé e ti ọba pẹ́kípẹ́kí. Àwọn òǹwòran hó. Ọba kò lè jẹ ẹ́, nítorí ẹṣin ń ṣọ́ ojú ilé náà. Rúùkù ní láti sáré padà wá jẹ ẹ́, ó sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí rúùkù wá dúró sí ni ó dí, ọmọ ogun méjì dí ìyókù, ẹṣin sì fò padà sí ẹnu ọ̀nà. Ọba, aláṣẹ èkejì òrìṣà, kú láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, láìsí ibi tí yóò yà sí.

“Oríire lásán ni!” ni gbogbo wọn ń pariwo. Lóòótọ́ ni, nítorí bí rúùkù náà bá jókòó síbi tó wà, ọ̀rọ̀ bàbá ti tán. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí bàbá lò ti wà nínú ìwé ṣẹ́ẹ̀sì tí Lucena kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní Salamanca ní Sípéènì lọ́dún 1497, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Philidor ará Faransé ni ayé fi ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ì báà ṣí sílẹ̀ gbayawu, yóò kọjá níwájú rẹ̀ ni. A kì í sì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n. Bàbá mọ ohun mìíràn pẹ̀lú: kò gbà kí wọ́n fi ayaba pa ayaba, nítorí ẹni tó ń pàdánù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí pátákó dá páropáro. Ẹni tó ń borí ni irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ, òun náà ló sì yẹ kó tètè ti ọmọ ogun kan síwájú kí ọba rẹ̀ lè rí fèrèsé mí.

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìyípadà òjijì bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2025, ní Stavanger ní Nọ́wè, Magnus Carlsen ti há Gukesh ará Íńdíà, ọmọ ọdún 19 tó jẹ́ akọni àgbáyé, mọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í le àwọn méjèèjì. Ní ìṣípò kejìléláàádọ́ta, Carlsen fi ẹṣin ní ṣẹ́ẹ̀kì tí kò yẹ, ohun gbogbo sì dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́ títí ó fi pàdánù. Ó fi ìkúùkù lu tábìlì tí àwọn ẹ̀yà fi dà nù. Gukesh kò ṣe fáàrí: ó ní bí àwọn bá ta á nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni òun ìbá pàdánù.