Wọ́n Mú Olówó Kúrò, Wọ́n Fi Kòtò Sílẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń bá àwọn ọmọ wa gbé láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ẹ mọ̀ pé bí a bá ń sọ ìtàn fún ọmọdé, ẹni ibi inú rẹ̀ ni ọmọ náà máa ń béèrè jù. Ta ni bàbá rẹ̀? Ìlú wo ni ó ti wá? Ìbéèrè kejì yìí ni a fẹ́ bi àwọn tí ó ṣe DuckTales, eré àwòrán tí ilé-iṣẹ́ Disney gbé jáde lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà láti 1987 títí di 1990. Scrooge McDuck, pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rọ̀ tí ó kó owó jọ bí ẹni kó àgbàdo sí àká, ni ó ń wá ìṣúra káàkiri ayé nínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀ pọ̀. Olè paraku ni àwọn Beagle Boys. Àjẹ́ ni Magica De Spell, ẹyọ owó àkọ́kọ́ tí Scrooge fi òógùn ojú rẹ̀ rí ni ó sì ń lépa. Ìwọ̀nyí kò ṣòro láti yé ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ bíi Scrooge ni Flintheart Glomgold. Carl Barks, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn aláwòrán ní 1956, ó sì pè é ní ọmọ Gúúsù Áfíríkà. Ọrọ̀ àwọn méjèèjì dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn òkìtì okùn tí olúkúlùkù ti ká jọ, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó ju ẹnì kejì lọ. Ahun méjì pàdé!

Nígbà tí eré náà fi dé orí tẹlifíṣàn ní 1987, Glomgold ti di ará Skọ́tíláǹdì. Kò yà wá lẹ́nu. Ní 1986 ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi òfin dín òwò kù pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ààrẹ Reagan kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ta ni yóò fẹ́ fi ọlọ́rọ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pa ọmọdé lẹ́rìn-ín ní àkókò yẹn?

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo géèmù tí ilé-iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Jàpáànù ṣe láti inú eré yìí ní 1989 fún ẹ̀rọ Nintendo. Ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ, ó sì dùn ún ta. A kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń ta á yóò máa fi ọ̀pá ìtilẹ̀ Scrooge fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lé àwọn ọ̀tá lórí. Ibi márùn-ún ni yóò dé: igbó Amásónì, Transylvania, òkè Himalaya, òṣùpá, àti kòtò ìwakùsà Áfíríkà. Dáyámọ́ńdì ńlá kan ni Scrooge sọ̀kalẹ̀ lọ gbé nínú kòtò yìí, ọba àwọn ẹ̀dá abẹ́ ilẹ̀ kan tí ń yí gbirigbiri ni ó sì ń bá a jà níbẹ̀. Kò sí ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo níbẹ̀ tí yóò béèrè pé, “Ta ni ó ni ohun tí ẹ ń gbé lọ yìí?” Ní ọdún náà gan-an, Mandela ṣì wà lẹ́wọ̀n, àwọn ènìyàn dúdú sì ń wa kùsà ní Gúúsù Áfíríkà fún owó tí kò tó nǹkan. Wọ́n mú olówó kúrò ní ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi kòtò sílẹ̀. Nígbà tí a tún géèmù yìí ṣe ní 2013, kòtò náà kò kúrò níbẹ̀.

Ní 2017 ni Disney tún bẹ̀rẹ̀ DuckTales mìíràn. Nínú apá kan tí ó jáde ní 2018, a rí i pé ẹ̀tàn ni gbogbo ìṣe Skọ́tíláǹdì tí Glomgold ń ṣe. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bí i. Ọmọ kékeré tí ń nu bàtà ni, Scrooge sì fún un ní ẹyọ owó kan ṣoṣo fún iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù lórí ìsapá. Ibẹ̀ ni ìbínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 31 ni ó gbà kí orí tẹlifíṣàn tó jẹ́wọ́ ilé rẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá fẹ́ fi apá yìí han kíláàsì rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbé àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà kọ́ ara ògiri, nítorí ìbéèrè yóò pọ̀.